Owó tí wọ́n ń ná sórí sátẹ́láìtì, kí lèrè ẹ̀ fún wa nílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ìgbà la ń gbọ́ pé orílẹ̀-èdè kan tún ti fi sátẹ́láìtì ránṣẹ́ sókè, owó ńlá sì ni. Àgbẹ̀ lèmi, ẹ jọ̀ọ́, kí ló kàn mí níbẹ̀? Ṣé kò ní dáa kí wọ́n fi owó yẹn ṣe ọ̀nà àti ọsibítù?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun gan-an. Owó ìlú ni, ó yẹ kéèyàn bèèrè ibi tó ń lọ. Àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà ni iṣẹ́ mi, torí náà ẹ jẹ́ n ti oko yín bẹ̀rẹ̀.

Ewé tára ẹ̀ le máa ń ta ìmọ́lẹ̀ kan padà sókè tójú èèyàn ò lè rí, infrared ni wọ́n ń pè é. Tí ọ̀dá tàbí àìsàn bá ti mú ewé náà, ìmọ́lẹ̀ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, nígbà míì ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró nínú oko ò tíì rí nǹkan kan. Sátẹ́láìtì Sentinel-2 tàwọn ará Yúróòpù ń ya ilẹ̀ kan náà ní nǹkan bí ọjọ́ 5 síra wọn, ọ̀fẹ́ sì làwòrán ẹ̀. Landsat ti Amẹ́ríkà ti ń yàwòrán láti 1972, òun náà di ọ̀fẹ́ ní 2008. Ìkùukùu máa ń dí wọn lójú o, ìgbà yẹn la máa ń lo èyí tó ní rádà, tó lè ríran gba inú ìkùukùu kọjá.

Èyí tọ́pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni ti aago. Kí fóònù yín tó lè sọ ibi tẹ́ ẹ wà, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì GPS 4 ó kéré tán, aago tó péye gan-an ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ pín sẹ́kọ́ńdù kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, tí aago bá fi ẹyọ kan péré ṣìnà, nǹkan bíi mítà 300 ló máa fi ṣì yín ní ibi tẹ́ ẹ wà. Aago yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ báńkì, iléeṣẹ́ fóònù àtàwọn oníná fi ń to aago ẹ̀rọ wọn.

Ti ẹ̀mí èèyàn ló wá ká mi lára jù. Ní 1999, ìjì líle kan jà ní Odisha lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ó pa nǹkan bí 10,000 èèyàn. Ní 2013 ìjì míì tí wọ́n ń pè ní Phailin kọjú sí etíkun yẹn kan náà, sátẹ́láìtì ti ń ṣọ́ ọ látorí òkun, wọ́n tètè kó bíi mílíọ̀nù kan èèyàn kúrò lọ́nà, àwọn tó kú ò tó 100. Sátẹ́láìtì nìkan kọ́ ló ṣe é, àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé ṣe é, ilé tí wọ́n kọ́ fún ààbò náà ṣe é, ṣùgbọ́n ta ni ì bá sọ fún wọn pé àsìkò ti tó?

Ti ọ̀nà àti ọsibítù, òótọ́ lẹ sọ, a nílò wọn. Àmọ́ ilẹ̀ níbí náà lowó sátẹ́láìtì ti ń di owó oṣù fáwọn ẹnjiníà àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni kí ìjọba ra sátẹ́láìtì, kó má sì sẹ́ni tó lè ka àwòrán ẹ̀ ní iléeṣẹ́ ọ̀gbìn. Ẹ kọ́ àwọn èèyàn ná, àwòrán ọ̀fẹ́ pọ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀yin náà lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá Copernicus Browser lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwòrán Sentinel-2 sí, ẹ wá oko yín lórí máàpù, ẹ yan NDVI, ìyẹn àwòrán tó ń fi hàn bí ara ewé ṣe le tó, kẹ́ ẹ fi àwòrán oṣù yìí wé ti oṣù tó kọjá. Tí oko bá kéré gan-an kò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn, torí ojú kan tó kéré jù nínú àwòrán náà fẹ̀ tó mítà 10 nílẹ̀, àmọ́ tó bá tóbi díẹ̀, ibi tẹ́ ẹ bá rí i pé àwọ̀ ewé ẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ẹ tètè débẹ̀ lọ wò ó.