Ẹ má fi owó yín kan páànù sórí ilé onílé láìgba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀

Arábìnrin mi tí ó wà ní Kánádà, mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè dáhùn, nítorí ìtàn ara mi gan-an ni mo bá níbẹ̀. Ẹ ní Màmá yín ń gbé yàrá méjì àti pálọ̀ ní Òdógunyàn ní Ìkòròdú, pé òjò ń gba àjà pálọ̀ wọlé, pé bàbá onílé ní kí ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lókè òkun tún un ṣe, òun yóò yọ owó náà nínú owó ilé, àti pé lọ́sẹ̀ kan náà ni ó fi owó ilé kún láti 400,000 náírà sí 650,000. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ fi owó àtúnṣe ránṣẹ́ kí Màmá lè rí ibi gbígbẹ sùn. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ fún òrùlé náà.

Ọdún 2021 ni tèmi ṣẹlẹ̀. Jámánì ni mo wà, Màmá mi sì ń gbé ní Àgíríìkì ní Ìkòròdú kan náà, ní apá ọ̀nà tó lọ sí Ìṣáwọ. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìṣáwọ mọ ohun tí òjò oṣù kẹfà ń ṣe níbẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, àjà yàrá wó lulẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run pé pálọ̀ ni Màmá sùn sí. Mo pe bàbá onílé lórí fóònù. Ó bá mi sọ̀rọ̀ bí bàbá ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, ó ṣàdúrà fún mi títí, ó ní kò sí owó lọ́wọ́ òun lásìkò yẹn, pé kí n ṣe é, pé tí owó ilé ọdún tó ń bọ̀ bá tó san, a ó jọ ṣírò rẹ̀. Mo gbà á gbọ́ nítorí pé àgbàlagbà ni, nítorí pé ó dárúkọ Ọlọ́run, àti nítorí pé ojú tì mí láti sọ fún ẹni tó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí pé kó kọ ohun tó sọ yẹn sínú ìwé. Bùọ̀dá kan nínú ẹbí wa náà kìlọ̀ fún mi pé kí n má bá àgbà fa ọ̀rọ̀ ìwé, pé ọmọ Ìkòròdú ni, kò ní jẹ owó wa.

Nígbà tí káfíńtà gun òkè, ó ní páànù ti dípẹtà, pé igi òrùlé náà ti jẹrà láti ẹ̀yìn ilé. Ohun tí mo rò pé kò ní ju 150,000 lọ di 380,000. Kò tíì pé oṣù méjì tí ṣọ́káwéè tún kún, mo fi 90,000 mìíràn sí i. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ fi wálé lọ́dún yẹn ni gbogbo rẹ̀ jẹ́, n kò sì rí Màmá mi sójú títí ọdún fi yí po.

Nígbà tí owó ilé tó san ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, bàbá ní òun gbà kí a tún ilé ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kò sọ pé òun yóò san ohunkóhun padà. A san owó ilé pé pérépéré. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ rẹ̀ mú ìwé kúrò-nílé wá. Ilé tí kò jò mọ́ ti di ilé tí ènìyàn ń du. Ẹni tó kó wọlé lẹ́yìn Màmá mi san ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó wa, abẹ́ páànù tí mo rà ló sì ń sùn títí dòní.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń bá mi sáré kiri. Ní àgọ́ ọlọ́pàá kan, wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá, wọ́n fi wọ́n jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó wá sọ pé ọ̀rọ̀ owó ilé kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá. Òótọ́ ni wọ́n sọ níkẹyìn, nítorí Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò fàyè gbà á pé kí wọ́n mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gba owó? Ní ọ́fíìsì ìjọba kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ní kó padà wá: lọ́jọ́ kan akọ̀wé kò sí, lọ́jọ́ kejì wọn kò rí fáìlì, lọ́jọ́ kẹta ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ti lọ síbi òkú. Obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀kadà àti dáńfó ló ń wọ̀ lọ síbẹ̀. Títí di òní, inú mi kì í dùn tí mo bá rántí rẹ̀.

Lọ́yà tí a wá lọ bá kò pẹ́ rárá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wá: ìwé tí onílé fi fún yín láyè dà? Kò sí. Orí fóònù la ti sọ gbogbo rẹ̀. Ó ṣí Òfin Ilé Yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2011, ó sì fi hàn wá pé ayálégbé tó bá ti kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda onílé nínú ìwé, kí ó tó fi owó ara rẹ̀ mú ilé sunwọ̀n sí i, lè béèrè owó rẹ̀ tí onílé bá fòpin sí ìgbé rẹ̀ níbẹ̀. Nínú ìwé ni òfin sọ, kò sọ pé lẹ́nu, ìyọ̀ǹda náà sì gbọ́dọ̀ ṣáájú iṣẹ́. Bí káfíńtà bá ti gun òkè kí onílé tó fọwọ́ sí i, ẹ ti fi owó yín ta á lọ́rẹ. Ohun tó tún dùn mí jù ni pé òfin kan náà ló sọ pé onílé ni yóò máa tún ìta ilé àti ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò ṣe, àyàfi bí àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí bá sọ ohun mìíràn. Òrùlé wà nínú ìta ilé. Iṣẹ́ bàbá ni mo lọ fi owó mi ṣe. Nítorí náà, kí ẹnì kan ka àgírímẹ́ǹtì Màmá yín láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, nítorí àwọn ejẹ́ńtì kan máa ń fi gbólóhùn kan síbẹ̀ pé ayálégbé ni yóò ṣe gbogbo àtúnṣe.

Ẹ má jẹ́ kí ìtàn mi já yín láyà. Ìgbógbó ni Màmá mi ń gbé báyìí, nígbà tí pọ́ńpù omi ilé náà sì bàjẹ́ ní ọdún 2023, a kò tún ṣe àṣìṣe yẹn mọ́. Ojú ewé kan péré ni lẹ́tà tí mo kọ. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Èmi, onílé ilé yìí, gbà kí ayálégbé mi ra pọ́ńpù tuntun ní iye owó tí a kọ sísàlẹ̀ yìí, mo sì gbà kí a yọ owó náà kúrò nínú owó ilé ọdún tó ń bọ̀.” Mo fi iye owó, ọjọ́, àyè ìfọwọ́sí onílé àti ti ẹlẹ́rìí méjì sí i. Onílé fa ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní a kò fọkàn tán òun. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, sà, àbúrò mi tó wà ní Jámánì ló ní kí a kọ ọ́, ẹ bá wa fọwọ́ sí i kí ọkàn ọmọ yín lè balẹ̀.” Ó fọwọ́ sí i. Nígbà tí owó ilé tó, a yọ owó pọ́ńpù kúrò, a san ìyókù, ariwo kankan kò sì ṣẹlẹ̀. Ẹ lè fi gbogbo ẹ̀bi náà lé ara yín lórí bẹ́ẹ̀, kí Màmá má bàa di ọ̀tá onílé tó ń rí lójoojúmọ́.

Ní ti owó ilé tó fi kún, ẹ má san án, ẹ má sì sọ pé ẹ kò san. Ẹ kọ̀wé béèrè ìdí rẹ̀. Òfin 2011 yẹn fún ayálégbé láyè láti lọ sí kọ́ọ̀tù tí ó bá gbà pé àfikún náà ti pọ̀ jù, adájọ́ yóò sì wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń san fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò. Ẹ rán ẹnì kan kó béèrè iye tí wọ́n ń san ní ilé mẹ́ta sí mẹ́rin ní Òdógunyàn. Tó bá sì ní kí ẹ san ti ọdún méjì pọ̀, òfin ti sọ pé kò gbọ́dọ̀ gbà ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tó ń san lọ́dọọdún. Tó bá halẹ̀ pé òun yóò lé Màmá jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ fi Màmá lọ́kàn balẹ̀: bí àgírímẹ́ǹtì kò bá sọ ohun mìíràn, oṣù mẹ́fà ni ìwé kúrò-nílé ti ẹni tó ń san lọ́dọọdún, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ọjọ́ méje tí onílé fi ń sọ pé òun fẹ́ gba ilé òun padà, lẹ́yìn náà kọ́ọ̀tù. Onílé tó bá ṣí òrùlé tàbí tó fi ipá ti ayálégbé jáde ti dá ẹ̀ṣẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá le, ẹ gbé e lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, wọn kì í gba owó láti parí ìjà onílé àti ayálégbé. Kí ẹni tó bá lọ kó gbogbo rìsíìtì dání, kí orúkọ Màmá, iye owó àti àkókò tí owó náà wà fún hàn lórí rẹ̀. Onílé gbọ́dọ̀ fúnni ní rìsíìtì. Bí Màmá kò bá ní ti ọdún tó kọjá, ẹ béèrè rẹ̀ nísinsìnyí tí ìjà kò tíì gbóná.

Lónìí yìí, ẹ fi ìwọ̀nba owó ránṣẹ́ kí wọ́n ra tàpólì bo ibi tó ń jò, kí Màmá sì gbé àga kúrò lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹnì kan ya fọ́tò àjà náà kí ó tó wó. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ lẹ́tà yẹn, kí ẹ fi iye owó tí káfíńtà bá kọ fún yín sínú rẹ̀, kí ẹ sì rán ẹni tí bàbá ń bọ̀wọ̀ fún lọ bá a. Lọ́jọ́ tó bá fọwọ́ sí i ni kí ẹ tó pe káfíńtà.