Ẹ BI WÁ: Ṣé lóòótọ́ ni jákẹ́ẹ̀tì sójà yìí dé Vietnam?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra jákẹ́ẹ̀tì sójà Amẹ́ríkà kan lọ́jà Agbálátà níbí l'Àgbádárìgì, inú bélì òkìríkà ló ti jáde, ó ní síìpù lẹ́yìn kọ́là tí fìlà ká sí nínú, wọ́n kọ US ARMY sáyà ẹ̀, báàjì yẹ́lò kan tó ní orí ẹṣin dúdú sì wà lápá òsì. Ẹni tó tà á ní ogun Vietnam ni wọ́n wọ̀ ọ́ lọ, pé àwọn òyìnbó tó ń kó aṣọ ogun jọ á rà á lówó gọbọi. Lébù inú ẹ̀ ti ń parẹ́ àmọ́ mo ṣì rí DLA100-82-C kà. Ṣé òótọ́ ni? *Olùkàwé, Àgbádárìgì*

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o. Ó dáa bẹ́ ẹ ṣe wo lébù, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe ẹnu ọlọ́jà. Nọ́ńbà kọ́ńtíráàtì lẹ kà yẹn, 82 àárín ẹ̀ sì ni ọdún tí ìjọba wọn gbé iṣẹ́ náà síta, ìyẹn 1982, bẹ́ẹ̀ 1975 ni ogun Vietnam parí. Kẹ́ ẹ tó dé orí 82 gan-an, DLA yẹn ti sọ̀rọ̀, torí DSA ni ẹ̀ka tó ń ra aṣọ fáwọn sójà wọn ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, 1977 ló di DLA. Ká ní DSA-100-68-C lẹ rí ni, háà, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀!

Ṣùgbọ́n ẹ má bọkàn jẹ́, ó jọ ojúlówó M-65, jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé jáde ní 1965. Àwọn tí wọ́n ń rán fún aráàlú kì í sábà ní nọ́ńbà kọ́ńtíráàtì, tẹ́ ẹ bá sì rí Made in China lára ọ̀kan, ẹ gbé e sílẹ̀, torí láti 1941 ni òfin wọn ti ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni kí wọ́n ti máa rán aṣọ ológun wọn.

Báàjì yẹn ló ń kọ mí lóminú. Ti 1st Cavalry Division, ẹ̀ka kan nínú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni, wọ́n sì jà ní Vietnam lóòótọ́, àmọ́ nígbà ogun yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi dúdú orí àwọ̀ ewé rọ́pò àwọn báàjì aláwọ̀ títàn lára aṣọ ojú ogun, kí ọ̀tá má baà tètè rí wọn. Kí wá ni yẹ́lò ń ṣe lára jákẹ́ẹ̀tì 1982? Ẹ rọra gbé etí báàjì náà sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ wo aṣọ tó wà lábẹ́ ẹ̀. Tó bá ti pẹ́ níbẹ̀, abẹ́ ẹ̀ á ṣú ju ara tó kù lọ, torí oòrùn ò débẹ̀. Tí gbogbo ẹ̀ bá ṣá bákan náà, àná àná yìí ni wọ́n rán an mọ́ ọn. Ẹ tún lè yá iná aláwọ̀ pọ́pù tí wọ́n fi ń yẹ owó wò, tí òwú tó yí báàjì ká bá ń tàn wàì tí òwú jákẹ́ẹ̀tì ò sì tàn, òwú méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́, àmọ́ ọṣẹ oníyẹ̀fun náà máa ń mú aṣọ àtijọ́ tàn, torí náà ẹ má fi iná nìkan dájọ́.

Tẹ́ ẹ bá ń tà á, ẹ pè é ní M-65 ti 1982, kẹ́ ẹ sì sọ pé ẹ ò fọwọ́ sọ̀yà lórí báàjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ̀ ọ́ jáde, pàápàá lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ tí sójà pọ̀ sí, òfin wa ò gbà kí aráàlú wọ ohun tó jọ aṣọ ológun.

Ìbéèrè: Ṣé kí n fi bílíìṣì fọ kóòtù sójà àtijọ́ kí n tó tà á? *Olùkàwé, Ìkòròdú*

Ìdáhùn: Rárá o! Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi bílíìṣì kàn án, ẹ má sì gé lébù kúrò bó ti wù kó ya tó. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku ẹ̀, ẹ fi háńgà gbé e kọ́ síbi tí ọ̀rinrin ò sí, tó bá jẹ́ onírun àgùntàn, ẹ fi kánfọ̀ sítòsí ẹ̀ nítorí kòkòrò.