Ẹ Bi Onígéèmù Léèrè: Irunmú Mario, Igbe Pikachu, àti Bọ́ọ̀lù Tí Kò Gbédè Wa

Lẹ́tà pọ̀ lóṣù yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń bèèrè iye tí ẹ̀rọ géèmù tuntun ń lọ lọ́jà. Ẹ jọ̀ọ́, n kì í tà á, mo kàn ń tún un ṣe ni. Mẹ́rin tó dùn mọ́ mi nínú ni mo mú, Jàpáànì sì ni gbogbo wọn forí lé.

*Ẹ̀gbọ́n Onígéèmù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 ní ará Ítálì ni Mario, pé púlọ́ńbà ni. Bàbá rẹ̀ ní irọ́ ni, àwọn ará Jàpáànì ló ni ín. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ dìjà nílé. Ta ló jàre? Kí ló sì da ará Jàpáànì pọ̀ mọ́ ọkùnrin onírunmú tó wọ ṣòkòtò alókùn léjìká?*
— Ìyá Ìbejì, Ìṣẹ́yìn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ sọ fún àwọn méjèèjì pé kò sẹ́ni tó jẹ̀bi: nínú ìtàn géèmù, ará Ítálì ni Mario, àmọ́ àwọn ará Jàpáànì ló dá a.

Ilé iṣẹ́ Nintendo ní ìlú Kyoto ló ni Mario. Wọn ò ti orí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ o. Ọdún 1889 ni Fusajiro Yamauchi dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, káàdì tí àwọn èèyàn fi ń ṣeré ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń pè é ní hanafuda: káàdì 48, mẹ́rin-mẹ́rin fún oṣù kọ̀ọ̀kan, òdòdó tàbí ewé oṣù náà sì wà lára wọn.

Ní 1981, ọjà kan kùtà mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n ti kó ẹ̀rọ géèmù kan tó ń jẹ́ Radar Scope lọ sí Amẹ́ríkà, irú èyí tó ga bíi kọ́bọ́ọ̀dù, tí èèyàn ń ju owó ẹyọ sí nínú kó tó lè fi ṣeré. 3,000 ni wọ́n kó lọ. Bíi 1,000 ló tà. Nǹkan bíi 2,000 tó kù jókòó sí ilé ìkẹ́rùsí, owó ilé sì ń gorí ara wọn. Ẹni tó bá ti kó ọjà wọ̀lú rí tí kò tà mọ irú oorun tí wọ́n ń sùn lóṣù yẹn.

Ni wọ́n bá pe ọ̀dọ́kùnrin kan, Shigeru Miyamoto, pé kó wá géèmù míì tó lè wọ inú àpótí kan náà. Miyamoto kì í ṣe ẹlẹ́rọ. Iṣẹ́ ọnà ló kọ́, yíya ìwé ìtàn alàwòrán ló sì wù ú nígbà èwe. Ọ̀gá tí wọ́n fi í sábẹ́ rẹ̀ ni Gunpei Yokoi, ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ní 1965 láti máa tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe káàdì ṣe. Ẹ ò rí i pé atúnnǹkanṣe ẹlẹgbẹ́ mi ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Popeye, atukọ̀ tó máa ń jẹ ẹ̀fọ́ inú agolo, ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lò: òun, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, àti fìrìgbọ̀n kan tó máa ń bá a du obìnrin náà. Wọn ò rí àṣẹ gbà. Miyamoto kò torí ìyẹn da ìtàn rẹ̀ nù, àwọn èèyàn inú rẹ̀ ló pààrọ̀. Fìrìgbọ̀n di ìnàkí ńlá, àfẹ́sọ́nà di ọmọge tí ìnàkí gbé sá gun orí ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, atukọ̀ sì di káfíńtà tó ń lé wọn gòkè. Bí wọ́n ṣe rí géèmù Donkey Kong nìyẹn. Káfíńtà ni mo wí o. Ìgbà tí wọ́n gbé e lọ sábẹ́ ilẹ̀ láàárín páìpù, nínú Mario Bros. ti 1983, ló tó di púlọ́ńbà.

Kò tilẹ̀ ní orúkọ gidi nígbà yẹn, Jumpman ni wọ́n ń pè é. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ ní Mario, wọ́n fi sọrí Mario Segale, láńlọ́ọ̀dù tó ni ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n háyà. Ẹ wo bí onílé ṣe di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Láńlọ́ọ̀dù tèmi kò tíì wọ inú géèmù kankan, inú àlá mi ló máa ń wọ̀ bí oṣù Ọ̀pẹ bá ti ń parí lọ.

Ó ku irunmú. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn kò fún un ní àyè tó ju àmì 16 ní ìbú àti 16 ní òró. Ẹ mú ìwé ìṣirò ọmọ náà, èyí tó ní àpótí kéékèèké, kẹ́ ẹ fa ìlà yí àpótí 16 sí 16 ká, kẹ́ ẹ ní kó ya èèyàn tó ń sáré sínú rẹ̀. Mo ti dán an wò rí pẹ̀lú báírò pupa àti búlúù. Ẹnu kò ṣeé yà. Bó o bá ya imú, ńṣe ló máa dà bíi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú. Irunmú ni Miyamoto fi pààlà sábẹ́ imú, kí èèyàn lè mọ̀ pé imú ni. Irun orí kò ṣeé yà kó dáa, ló bá dé e ní fìlà. Bó bá ń sáré, apá á wọnú ara, wọn ò ní rí i mọ́, ló bá wọ ṣòkòtò alókùn léjìká fún un kí àwọ̀ apá lè yàtọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ Ítálì nínú ìyẹn rárá.

Kí ọmọ náà tún bá mi ṣe kiní kan. Bó bá ní Super Mario Bros. ti 1985, kó dá a dúró níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kó wo ìkúùkù tó wà lókè, kó wá wo igbó tó wà nílẹ̀. Àwòrán kan náà ni. Wọ́n kùn ún ní funfun lókè, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé nísàlẹ̀. Gbogbo géèmù ọ̀hún, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kílóbáìtì 40 ni. Fọ́tò aṣọ ẹbí kan ṣoṣo tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

*Ẹ̀gbọ́n, kí ni ìtumọ̀ Pikachu? Àbúrò mi ní wọ́n kàn fẹnu dá a ni.*
— A.T., Ilé-Ifẹ̀

Àbúrò, orúkọ Pikachu, ẹ̀dá kékeré inú géèmù Pokémon yẹn, ní ìtumọ̀, ọmọ Yorùbá ló sì yẹ kó tètè yé. Èdè Jàpáànì kún fún irú ọ̀rọ̀ tí àwa náà fi ń ya nǹkan síni lójú: ó pọ́n ròdòròdò, ó ń tàn yanran, ó ń rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀. “Pika” ni bí iná ṣe ń kọ mànà lẹ́ẹ̀kan náà. “Chu” ni igbe eku. Nítorí náà, kó tó dé orí tẹlifíṣọ̀n rárá, ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní Tokyo ti mọ̀ pé ẹran kékeré kan tó ń bù yẹ̀rì ló ń bọ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ, Mànàwín ni ǹ bá pè é. Ẹni tó bá ní èyí tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ kó kọ ọ́ ránṣẹ́.

Bákan náà ni Pac-Man, géèmù ẹlẹ́nu ńlá tó ń jẹ nǹkan kiri. Toru Iwatani ti ilé iṣẹ́ Namco ló ṣe é ní 1980. Ó wo ilé géèmù ìgbà náà, ó rí i pé ọkùnrin ló kún ibẹ̀, ìbọn ni gbogbo wọn ń yìn, ó sì ń wá ohun tí àwọn ọmọbìnrin náà á fẹ́. Ló bá mú oúnjẹ jíjẹ. “Paku paku” ni ẹnu tó ń ṣí tó ń pa dé lórí oúnjẹ, bí àwa ṣe ń sọ pé ó ń jẹun wàmùwàmù. Puck Man ni wọ́n kọ sára rẹ̀ ní Jàpáànì. Nígbà tó ń lọ Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rù pé ọmọ ìta á ha díẹ̀ kúrò lára P náà, á sì di ọ̀rọ̀ tí mi ò lè kọ níwájú Ìyá Ìbejì. Wọ́n yáa yí i padà.

Bí mo bá ti dé ibi ọ̀rọ̀ èdè, n kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ṣé o mọ ohun tí ará Jàpáànì ń pe géèmù? Gēmu. Etí wọn kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì òyìnbó dá dúró nídìí ọ̀rọ̀, bí tiwa náà ṣe rí, wọ́n á wá fáwẹ́ẹ̀lì tì í. Bọ́ọ̀lù wa ni bōru wọn. Góòlù wa ni gōru wọn. Pokémon fúnra rẹ̀, àgékúrú Poketto Monsutā ni, poketto yẹn kì í sì í ṣe nǹkan míì ju pọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lára ṣòkòtò rẹ lọ.

Satoshi Tajiri ló ronú kan Pokémon. Machida lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tokyo ló dàgbà sí, kòkòrò ló sì ń mú kiri níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé sórí gbogbo pápá. Nígbà tó wá rí wáyà tí wọ́n fi ń so Game Boy méjì pọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ géèmù kékeré Nintendo tí wọ́n ń mú lọ́wọ́, ohun tó wá sí i lọ́kàn ni kòkòrò tó ń rìn lórí wáyà náà láti ọwọ́ ọmọ kan bọ́ sọ́wọ́ ọmọ kejì. Ọdún mẹ́fà ló gbà wọ́n kí géèmù ọ̀hún tó jáde ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì, 1996. Èmi náà wa ìrẹ̀ nígbà èwe. A máa ń da omi sí ihò rẹ̀ títí tá a fi máa rí ìwo orí rẹ̀. Tajiri kó tirẹ̀ pamọ́, àwa yan tiwa jẹ.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ní ìjọba Jàpáànì ṣòfin pé wọn ò gbọdọ̀ gbé géèmù Dragon Quest jáde lọ́jọ́ ilé ìwé. Ṣé òótọ́ ni?*
— Tíṣà kan, Ìkirè

Rárá o, Tíṣà. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo mọ ibi tí ahesọ náà ti wá. Dragon Quest III jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì, 1988, Ọjọ́rú sì lọjọ́ náà. Àwọn ọmọ sá kúrò ní kíláàsì lọ tò sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, ọlọ́pàá sì kó àwọn tó sún mọ́ 300. Èyí tó tẹ̀ lé e, Dragon Quest IV, Ọjọ́ Àìkú ni ilé iṣẹ́ Enix gbé e jáde, ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì, 1990.

Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé wọ́n sá. Nígbà náà, Yuji Horii tó kọ ìtàn géèmù náà ń kọ̀wé sínú Shonen Jump, ìwé ìtàn alàwòrán tí ọmọdé ń rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Akira Toriyama, ẹni tó ń ya ìtàn Dragon Ball sínú ìwé kan náà nígbà yẹn, ló ya àwọn ẹbọra inú géèmù náà. Horii ya ẹbọra kan sórí ìwé bí ẹrẹ̀ tó dà sílẹ̀ gbọọrọ, ó gbé e fún Toriyama, ìyẹn sì dá a padà bí ẹ̀kán omi tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kékeré yìí ló wá di ojú géèmù ọ̀hún. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje, 2021, nígbà tí àwọn eléré ìdárayá gbogbo orílẹ̀-èdè ń wọ pápá ìṣeré Òlíḿpíìkì ní Tokyo, orin géèmù ni wọ́n fi sin wọ́n wọlé, ti Dragon Quest ló sì ṣáájú. Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà rìn lórí irú orin bẹ́ẹ̀. Mo dìde lórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó mi rò pé wọ́n ti gba góòlù ni.

*Ẹ̀gbọ́n mi, Winning Eleven la gbá dàgbà n'Íbàdàn. Kí ló dé tí Roberto Carlos fi ń jẹ́ Roberto Larcos? Kí sì ni ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn ń wí?*
— Ọmọ Mọ́kọ́lá, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ọmọ Mọ́kọ́lá! Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ mi lo ti gbá a. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, bẹ́ǹṣì mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ́yìn fèrèsé, ogún náírà fún ẹni tó bá jókòó. Bó o bá jẹ mí lówó, mo ti fà á tì.

Ilé iṣẹ́ Konami ti Jàpáànì ló ṣe géèmù bọ́ọ̀lù náà, ti àkọ́kọ́ jáde ní 1995. Ará ilé wọn ni wọ́n ṣe é fún, sídì ti ọ̀hún náà ni wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ wọ ọjà wa, ló fi jẹ́ pé ohùn Jon Kabira, olóòtú rédíò àti tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, la ń gbọ́ ṣáá. Kì í sọ ohun àjèjì. “Shūto” tó ń pariwo rẹ̀ ni pé wọ́n ti gbá a sílé, “gōru” sì ni o ti mọ̀ báyìí. Ní ti orúkọ, owó ni. Ẹni tí kò bá ra ẹ̀tọ́ orúkọ kò lè kọ ọ́ bó ṣe rí, ni wọ́n bá ń gbé lẹ́tà kan síwájú, òmíràn sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, Chelsea di London FC, Liverpool di Merseyside Red. Àwa mọ gbogbo wọn nípa ìrìn wọn. Ojú mi kò rí bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n tó wúwo lẹ́sẹ̀ bíi tiẹ̀ títí dòní, ẹ bá mi jiyàn tẹ́ ẹ bá fẹ́.

Ìṣòro ibẹ̀ ni kíkà. Gbogbo ìlà tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n, Jàpáànì ni. Ipò la fi mọ̀ wọ́n: ìlà kẹta ni wọ́n ti ń pààrọ̀ àgbábọ́ọ̀lù, ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti ń jáde. Mo kọ wọ́n lédè Yorùbá sára páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ohun tí mi ò kọ síbẹ̀ ló pa mí. Ní Jàpáànì, tíṣà máa ń fi òbírí yí ìdáhùn tó tọ̀nà, ó máa ń fi X sára èyí tí kò tọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é sí pádì PlayStation nígbà náà: òbírí ni “ó dáa,” X ni “padà sẹ́yìn.” Sídì ti Amẹ́ríkà tó mọ́ mi lára, òdìkejì rẹ̀ ni.

Ọmọkùnrin kan wà tó ń gbá Master League, ìdíje ọlọ́jọ́ pípẹ́ inú géèmù náà, ó ti lé lóṣù mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ wà lórí mẹ́mórì káàdì mi. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣèèṣì wọ ibi tí wọ́n ti ń pa nǹkan rẹ́. Ìbéèrè kan yọ. Mo ní kí n padà sẹ́yìn, mo tẹ òbírí.

Ọmọ náà dé lọ́jọ́ kejì, ó wo ojú tẹlifíṣọ̀n, kò sọ nǹkan kan. Ó wọ sílípáàsì rẹ̀, ó lọ. Ọjọ́ kẹta ló padà wá pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, ó ya òbírí ràgàjì kan sára ilẹ̀kùn mi, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: Bọ̀dá, ẹ má tẹ̀ ẹ́.