Èsì: Ṣé mo lè da ẹja sínú ẹ̀ lọ́la?

Àbúrò mi, o ní dúrọ́ọ̀mù 200 lítà àti òkúta gíráníìtì tó o fẹ́ fi ṣe aquaponics (ká sin ẹja, kí pọ́ǹpù máa gbé omi ẹ̀ lọ bọ́ ẹ̀fọ́ tá a gbìn sínú òkúta) ti wà ńlẹ̀ l'Adó, o wá fẹ́ da ọmọ ẹja àrọ̀ 50 sí i lọ́la. Háà, rárá o! Ìdọ̀tí ẹja ló ń di ammonia tó ń pa wọ́n, bakitéríà tó máa sọ ọ́ di oúnjẹ ẹ̀fọ́ sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kó tó pọ̀ lára òkúta yẹn, torí náà fi bíi márùn-ún bẹ̀rẹ̀, fún wọn lóńjẹ díẹ̀díẹ̀, kó o máa yẹ omi wò. Fọ òkúta yẹn dáadáa, eruku kúárì máa ń dí páìpù. Tí NEPA bá mú iná lọ, tí pọ́ǹpù dúró ńkọ́? Àrọ̀ lè yọrí sókè omi láti mí, àmọ́ bakitéríà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, wá sólà fún pọ́ǹpù ẹ. Tẹ̀tẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ gbìn, tòmátì ṣì lè dúró.