Kòkòrò inú ẹ̀wà, àgbàdo àti èlùbọ́: ṣé ọ̀kan náà ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀wà, àgbàdo àti èlùbọ́ ni mò ń tà. Kòkòrò wẹ́wẹ́ wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì jọra lójú mi. Ẹ̀wà tí mo fẹ́ mọ́ lónìí, kó tó pé oṣù kan, kòkòrò á tún ti kún un. Kí ló fà á? (Oníṣòwò oúnjẹ, Bódìjà, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà o. Ẹbí wọn gan-an, ìyẹn ìsọ̀rí tí àwọn onímọ̀ pín wọn sí, yàtọ̀. Ẹ má fi àwọ̀ tàbí títóbi nìkan dá wọn mọ̀, nítorí bíi mìlímítà 2 sí 5 ni gbogbo wọn. Ẹ kó mẹ́wàá mẹ́wàá sínú ìgò, ẹ gbé e sí fírísà mọ́jú kí wọ́n má baà sá kiri, kí ẹ dà wọ́n sórí bébà funfun. Kámẹ́rà fóònù tó ń fa nǹkan súnmọ́ ti tó.

Ẹnu ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èyí tí ẹnu rẹ̀ gùn síwájú bí ọwọ́jà erin, Sitophilus ni, nínú ẹbí Curculionidae. Ti àgbàdo (S. zeamais) àti ti ìrẹsì (S. oryzae) jọra débi pé ẹ̀yà ìbímọ wọn ni àwọn onímọ̀ ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bí kò bá ní ọwọ́jà, ẹ wo ìdí rẹ̀. Ìyẹ́ kòkòrò ẹ̀wà, Callosobruchus maculatus, kì í bo ìdí tán, bí ẹni tí bùbá rẹ̀ kúrú. Chrysomelidae ni ẹbí rẹ̀ báyìí. Ìwé àtijọ́ ń pè é ní Bruchidae. Ẹ yí ẹ̀wà kan lọ́wọ́: àmì funfun tíńtín tó lẹ̀ mọ́ èèpo rẹ̀, ẹyin ni. Ọmọ tó bá pa níbẹ̀ á lu èèpo wọlé, inú lọ́hùn-ún ló sì ti ń jẹ ẹ̀wà títí á fi dàgbà, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún. Àgbà rẹ̀ lẹ fẹ́ dànù, ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú.

Èyí tó gùn bí ọta ìbọn, tó ki orí bọ abẹ́ èjìká, Bostrichidae ni. Dinoderus porcellus ló ń lu iṣu gbígbẹ kó tó di èlùbọ́. Ti àgbàdo, Prostephanus truncatus, ìdí rẹ̀ dà bí èyí tí a fi ọ̀bẹ gé, ìyẹ̀fun tó ń lọ̀ sílẹ̀ sì pọ̀ gan-an. Àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ló ti wá. Wọ́n rí i ní Togo ní 1984.

Pẹlẹbẹ pupa rúsúrúsú inú èlùbọ́, Tribolium castaneum ni. Ẹyin rẹ̀ ń gba ojú asẹ́ kọjá, nítorí náà ẹ tún un kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní ti ẹ̀wà, ẹ gbẹ́kẹ̀ lé kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ: ẹ kún un dé ẹnu, ẹ dé e pinpin, ẹ má ṣí i fún oṣù méjì. Atẹ́gùn inú rẹ̀ á tán, kòkòrò á kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi dichlorvos, oògùn apakòkòrò, sí i. Májèlé ni, ènìyàn ló sì máa jẹ ẹ̀wà náà.