Ìwé méjì ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ sì béèrè nípa iná

Àbúrò mi, mo ka ohun tó o kọ lánàá, pé fáúndéṣọ̀n aládàáni kan ní kí ìwọ àti ọkọ ẹ wá pàtẹ iṣẹ́ yín pọ̀, fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni wọ́n fi ránṣẹ́, ọkọ ẹ ní kò sí wàhálà níbẹ̀, ìwọ wá ń rò ó pé bóyá ìwọ lò ń wá ìjà. O ò wá ìjà kankan o. Èmi náà ti gba irú fọ́ọ̀mù yẹn rí.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mò ń ṣe, èyí tí wọ́n ń fi kọ́ sára ògiri, òmíràn gùn tó mítà mẹ́rin. Ọ̀dà àti kánfáàsì ni ọkọ mi ń lò ní tiẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè wá, inú wa dùn débi pé a ò ka nǹkan kan, àwọn ni wọ́n máa gbé mọ́tò wá kó iṣẹ́, àwọn ni wọ́n máa tẹ kátálọ́ọ̀gì, a ò ní san kọ́bọ̀ fún àyè, ta ló tún fẹ́ béèrè ìbéèrè? Ọkọ mi buwọ́ lù ú lórúkọ àwa méjèèjì. Èmi ni mo tún bá a wá bírò.

Yàrá kan náà ni wọ́n kó wa sí. Iná tí wọ́n tàn síbẹ̀, àwòrán ọkọ mi ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, torí kùrétọ̀, ẹni tó ń ṣètò ìpàtẹ, fẹ́ kí pupa inú ẹ̀ yọ dáadáa, fèrèsé ńlá kan sì tún wà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà wọlé tààrà. Aṣọ kì í fẹ́ irú ẹ̀. Ìwọ̀n iná tí àwọn mùsíọ́mù máa ń lò fún aṣọ ò ju bíi 50 lux lọ (lux ni wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe mọ́lẹ̀ tó), àwòrán olọ́dà lè gba 200 láìsí ìyọnu. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn, èmi tí mo mọ ìkòkò aró bí ẹni mọ ọmọ ẹ̀! Oṣù mẹ́rin ni iṣẹ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó o dé tí mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, ìṣẹ́tí tí igi férémù bò ṣì dúdú bí aró àná, àmọ́ àárín aṣọ ti ṣá bí aṣọ oko.

Mo ní kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ inṣọ́ránsì. Wọ́n ní orúkọ ọkọ mi ló wà nínú ìwé, òun ni kó kọ lẹ́tà. Gbogbo iṣẹ́ àwa méjèèjì ni wọ́n pa pọ̀ tí wọ́n fi iye owó kan sí, kò sí fọ́tò tó fi bí aṣọ ṣe rí hàn kó tó kúrò nílé. Ọkọ mi wá ń fà sẹ́yìn, torí wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀ ìpàtẹ mìíràn. Àbúrò, ìyẹn dùn mí ju aṣọ lọ. Bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, "ẹ káàárọ̀" àti "oúnjẹ ti délẹ̀" nìkan là ń bá ara wa sọ.

Mi ò tíì sọ ti lébẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ kan wà tá a jọ ṣe, òun ló ya bátànì, èmi ni mo fi ẹ̀kọ yà á sórí aṣọ tí mo sì rẹ ẹ́ láró. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n kọ, wọ́n wá fi "pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀" sí ìsàlẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ kẹ̀!

Àwọn èèyàn máa sọ fún ẹ pé tọkọtaya tó fẹ́ràn ara wọn kì í pín ìwé. Irọ́ ni jàre. Wo Christo àti Jeanne-Claude, tọkọtaya oníṣẹ́ ọnà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn, June 13, 1935, àwọn tí wọ́n fi aṣọ bo Reichstag, ilé aṣòfin Jámánì, ní Berlin ní 1995. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, 1994, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé gbogbo iṣẹ́ ìta gbangba wọn láti 1961 jẹ́ ti àwọn méjèèjì, kó tó di 1994 yẹn, orúkọ Christo nìkan ló ń dá dúró. Síbẹ̀ wọn ò da gbogbo ẹ̀ pọ̀ o, àwọn yíyà orí bébà ṣì jẹ́ ti Christo nìkan, òun náà sì ni wọ́n ń tà láti fi ṣe àwọn iṣẹ́ ńlá yẹn. Wo Marina Abramović àti Ulay náà, olólùfẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ọnà, wọ́n pínyà ní 1988, ní 2016 kóòtù ní Amsterdam ṣì ń pàṣẹ pé kí Marina san €250,000 fún Ulay lórí iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe.

Torí náà ìwé méjì, àkáǹtì méjì. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, iye owó tiẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ jọ ṣe, ẹ ti jókòó nílé kẹ́ ẹ kọ ohun tí oníkálùkù ṣe sílẹ̀, kí orúkọ tó máa ṣíwájú dá yín lójú kí kùrétọ̀ tó bá yín yàn án. Ya fọ́tò tojú tẹ̀yìn, kí awakọ̀ buwọ́ lù ú níwájú ẹ. Kí inṣọ́ránsì bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí iṣẹ́ bá ti kúrò lára ògiri yín títí tó fi máa padà síbẹ̀. Tìẹ tó jẹ́ bébà, bíi aṣọ náà ni, béèrè iná, béèrè fèrèsé, tó bá ṣeé ṣe lọ wo yàrá náà fúnra ẹ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, má lọ láàárọ̀.

Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kẹ́ ẹ dá fọ́ọ̀mù padà? Fi sí WhatsApp kí n kà á, kí ọkọ ẹ ṣì gbé bírò sílẹ̀ ná.