Kúbùsù tí Iktómi dá bo òkúta: ìdáhùn lórí àlọ́ àwọn Sioux

Ẹnìkan béèrè pé: "Wọ́n fi ìtàn kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Bàbá àgbà kan láàárín àwọn Sioux ń sọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé ìkookò méjì ló ń jà nínú òun, ọ̀kan burú, ọ̀kan dára, èyí tí òun bá ń bọ́ ló máa borí. Ṣé bí àlọ́ wọn ṣe rí nìyẹn? Ọgbọ́n wo ló tiẹ̀ wà nínú àlọ́ wọn gan-an?"

Èmi náà ti rí ìtàn yẹn gbà, tòun ti fọ́tò àgbàlagbà tó fi ìyẹ́ sórí. Lónìí wọ́n á ní Sioux ló ni ín, lọ́la wọ́n á ní Cherokee ni, ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà sì ni méjèèjì. Nígbà tí oníwàásù Amẹ́ríkà nì, Billy Graham, sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ kan lọ́dún 1978, kì í ṣe ìkookò rárá. Ajá méjì ni, ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú, apẹja kan láàárín àwọn Ẹ́skímò, àwọn ará ilẹ̀ yìnyín ìhà àríwá, ló sì ni wọ́n. Ohun tó jẹ́ kí ara fu mí sí i ni pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti hó, ó ti jinná, wọ́n sì ti bù ú sáwo kí ọmọ tó la ẹnu. Àlọ́ Lakota kì í sábà rí bẹ́ẹ̀.

Mo ní Lakota. Sioux kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ara wọn. Àwọn Ojibwe tí wọ́n jọ ń pààlà ló fún wọn ní orúkọ gígùn kan, àwọn Faransé gbé e wọ inú èdè tiwọn, nígbà tó yá wọ́n gé orí rẹ̀ dànù, ìrù tó ṣẹ́kù ni Sioux. Lakota tàbí Dakota ni wọ́n ń pe ara wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka èdè kálukú, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀rẹ́, àwọn tó jọ mulẹ̀.

Bí àwa ṣe mọ̀ pé àlọ́ yàtọ̀ sí ìtàn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ya tiwọn sọ́tọ̀. Wičhówoyake ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé: ogun, ọdẹ, ọdún 1833 tí ìràwọ̀ já bọ́ bí òjò, tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára awọ ẹran láti fi ka ọdún. Ohúŋkakaŋ ni ti ìgbà ìwáṣẹ̀, nígbà tí ẹranko àti èèyàn ṣì ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ella Deloria, ọmọ Dakota tó dàgbà sí Standing Rock, ọ̀kan nínú ilẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ fún wọn, gba irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní South Dakota, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde lọ́dún 1932 ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́. Ẹni tó ń sọ ọ́ á máa fi "wọ́n ní" sídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ojú rẹ̀ ló ṣe.

Alẹ́ ni wọ́n ń sọ ohúŋkakaŋ, ìgbà òtútù sì ni, tí yìnyín ti bo ilẹ̀, tí kò síṣẹ́ púpọ̀ níta, tí gbogbo ilé, láyé àtijọ́, ká iná mọ́ nínú àgọ́ awọ. Ẹni tó bá sọ ọ́ lọ́sàn-án, wọ́n ní irun á hù bò ó lára. Tiwọn ṣì sàn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ohun tí wọ́n sọ fún àwa ni pé ẹni tó bá pàlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ á kú.

Ẹni tí wọ́n ń sọ jù nínú rẹ̀ ni Iktómi, aláǹtakùn tó máa ń gbé àwọ̀ èèyàn wọ̀. Ẹni tó bá mọ Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo ti mọ ìwà rẹ̀ dé ìdajì: ọ̀kánjúwà, elétekéte, tí ète rẹ̀ sì máa ń padà wá gbá a lójú. Ẹ gbọ́ ọ̀kan.

Ebi ń pa Iktómi, kò sì rí nǹkan kan jẹ. Ó kan òkúta ńlá kan. Ó bẹ̀ ẹ́ pé, "Bàbá àgbà, ṣàánú mi, fún mi ní oúnjẹ." Ó ká kúbùsù èjìká rẹ̀, ó dá a bo òkúta náà. Kò tíì rìn jìnnà tó fi rí àgbọ̀nrín tó kú sílẹ̀, ọfà ṣì wà lára rẹ̀. Ó dáná, ó ń múra àtijẹ. Ni ilẹ̀ bá ń ṣú, ni atẹ́gùn òtútù bá dé. Iktómi wo ara rẹ̀, ó ronú òkúta. "Kí ni òkúta fẹ́ fi kúbùsù ṣe? Ṣé òtútù ń mú òkúta ni?" Ó sáré padà, ó ṣí i kúrò lára rẹ̀, ó fi bora. Nígbà tó fi máa padà dé ìdí ẹran, egungun gbígbẹ ló bá.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń sunkún sí: "Áà, ǹ bá ti jẹun tán kí n tó lọ gba kúbùsù mi!"

Ibẹ̀ ni gbogbo adùn rẹ̀ wà sí mi. Iktómi kábàámọ̀, àmọ́ ohun tí kò yẹ ló ń kábàámọ̀, ọmọ tó sì ń gbọ́ ọ yóò mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí àgbà tó sọ ohunkóhun. Ọmọ náà ti mọ̀ pé òkúta, Íŋyaŋ, ni àgbà jù lọ nínú ohun tó wà láyé, pé Tȟuŋkášila, bàbá àgbà, tí Iktómi pè é, ni wọ́n ń pe Ẹlẹ́dàá náà nínú àdúrà. Ó ti rí i níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìrántí òkú, bí ẹbí ṣe ń kó kúbùsù àti ẹrù ilé fún àwọn èèyàn, tí wọn kì í gba ọ̀kan padà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní fún irú ọwọ́ líla bẹ́ẹ̀, wówačhaŋtognaka, ohun tó dá lé lórí ni kí èèyàn fi ẹlòmíràn sínú ọkàn.

Ohun kejì tí ẹ óò kíyè sí ni bí ó ṣe ń pe èèyàn. "Àbúrò mi" ni Iktómi máa ń pe ẹni tó bá fẹ́ tàn jẹ. Láàárín àwọn èèyàn tó ń fi "mitákuye oyás'iŋ", gbogbo wọn ni ẹbí mi, parí àdúrà, kò sí ìwọ̀ tó mú ju ọ̀rọ̀ ẹbí lọ.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ni ẹ lè fi dá ọmọdé lẹ́rìn-ín o. Ti obìnrin mímọ́ tó gbé ìkòkò tábà mímọ́ wá fún wọn, tí ọ̀kan nínú ọkùnrin méjì tó pàdé rẹ̀ gbèrò ìṣekúṣe sí i, tí kùrukùru bo ọkùnrin náà, tó di egungun, ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń sọ ìyẹn. Ẹ má pè é ní àlọ́ níwájú wọn.

Láti 1879 títí di 1918 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ń kó ọmọ wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Carlisle ní Pennsylvania, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọmọ níyà torí pé ó sọ èdè ilé. Ọmọ tó wà lọ́hùn-ún lásìkò òtútù, ta ni yóò pàlọ́ fún un? Síbẹ̀ àwọn kan ṣì wà títí dòní tí wọn kì í mẹ́nu ba Iktómi títí yìnyín á fi bọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ èyí tí ẹ máa sọ fún ọmọ yín dípò ti ìkookò, ẹ mú ti pẹ́pẹ́yẹ. Iktómi ní òun gbé àpò orin kan dání, ó ní kí àwọn pẹ́pẹ́yẹ wá jó. Èèwọ̀ orin náà ni pé kí kálukú dijú, ẹni tó bá lajú, ojú rẹ̀ á pọ́n títí ayé. Wọ́n dijú, wọ́n ń jó, Iktómi ń kọrin, ó sì ń fún wọn lọ́rùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ni kékeré kan bá yọ́jú wò. Ó kígbe, àwọn tó kù fò lọ. Ẹ bi ọmọ náà bóyá ó yẹ kí pẹ́pẹ́yẹ kékeré gbọ́ràn, kí ẹ sì dákẹ́. Ojú rẹ̀ pọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.